Ìdá Òjò àti Ìdá Ọwọ́

Òfin kan wà nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó jẹ́ pé àwa tí a ń roko ni ó ń yé jù. Bí èèyàn bá kórè ọkà tó ṣeé tọ́jú sínú àká, bí àgbàdo, ọkà bàbà tàbí ìrẹsì, tí ìkórè náà sì tó òṣùwọ̀n tí ẹ̀sìn là sílẹ̀, dandan ni kó yọ sàká lórí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ òde òní ṣírò òṣùwọ̀n náà sí nǹkan bíi kílò 653, ìyẹn àpò mẹ́fà ààbọ̀ bí a bá di kílò 100 sínú àpò kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣe òjò ló bomi rin oko, ìdámẹ́wàá ni olóko yóò yọ. Bó bá ṣe olóko ló fi agbára ara rẹ̀ fa omi sí i, ìdá kan nínú ogún ni. Ilẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà, irúgbìn ọ̀kan náà, olóko ọ̀kan náà. Ibi tí omi ti wá ló yí ìṣirò padà.

Àgbẹ̀ ni mí ní Ìṣẹ́yìn, ní Òkè-Ògùn. Àgbàdo ni mo ń gbìn jù, mo ń kọ ebè iṣu, mo sì ń dá ẹ̀gẹ́ díẹ̀. Ilé kéú ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ òfin yìí ní kékeré, mo sì há a sórí bí ọmọ kéú ṣe ń há nǹkan sórí. Ìdí ọkọ́ ló ti wá yé mi. Bí mo ṣe ń dàgbà nínú iṣẹ́ náà ni mo ń rí i pé ìṣirò kékeré yìí dáhùn ìbéèrè kan tó ti ń da ọmọ aráyé láàmú tipẹ́: ta ló ni èrè iṣẹ́? Ṣé ọwọ́ tó ṣe é ni, àbí Ọlọ́hun tó fi àlùbáríkà sí i?

Oríṣi èèyàn méjì ló ń jà lórí ìbéèrè náà láwùjọ wa. Ẹnì kan ní àdúà ló ń lani, iṣẹ́ kọ́. Ẹ ó rí ọ̀dọ́kùnrin tí ara rẹ̀ le koko, tí ilẹ̀ baba rẹ̀ ti di igbó eéran, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ áfà kan ló ti ń bọ́ sí ọ̀dọ̀ áfà mìíràn, tàbí kó máa ti orí òkè àdúrà kan bọ́ sí òmíràn. Oríire tí kò ní fọwọ́ kàn ló ń wá. Ẹnì kejì ní òun ò rí olùrànlọ́wọ́ kankan, òógùn ojú òun lòun ń jẹ. Bí ẹ bá ní kó dúpẹ́, á ní ọwọ́ òun méjèèjì lòun máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, á sì fi òwe ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ. Mo mọ àwọn méjèèjì dáadáa. Wọ́n wà nínú ẹbí mi, wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ wa ní mọ́sálásí. Ohun tí mo fẹ́ bá wọn sọ ni pé oko kò gbè wọ́n, òfin sàká pàápàá kò sì gbè wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọwọ́, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe kò lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ àánú Ọlọ́hun létí àgbẹ̀.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó fìdí múlẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, a ti ṣán igbó, a ti kó pàǹtí jọ, a ti hú kùkùté. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ á pe katakata, ẹni tí kò ní á fi ọkọ́ kọ ọ́. Bí òjò bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ sì rọ̀, a ó gbin àgbàdo, hóró méjì méjì sójú kan. Ọjọ́ náà gan-an ni ogun bẹ̀rẹ̀. Àparò á máa hú u, ọ̀kẹ́rẹ́ á máa wá a kiri. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí i, yóò hù, a ó sì tún ojú ibi tó ṣófo gbìn. Èpò á fẹ́ yára jù ú lọ. A ó ro ó lẹ́ẹ̀kan, a ó ro ó lẹ́ẹ̀kejì, a ó fi ajílẹ̀ sí i nídìí. Láti ọdún 2016 tí kòkòrò kan tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá ti wọ oko wa, iṣẹ́ tún lé sí i. Inú ọkàn àgbàdo ni kòkòrò yìí ń wọ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹ ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ là. Bí a bá ti kírun àsùbá tán la ti ń lọ ṣí ewé wò ní ìdí kọ̀ọ̀kan, torí pé bí oòrùn bá ti mú, ó ti kó wọ inú lọ. Ẹ̀yìn á máa roni, àtẹ́lẹwọ́ á yi. Kò sí àdúà tó lè rọ́pò ọ̀kankan nínú gbogbo èyí. Èpò kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu àfi ọkọ́.

Ẹ wá wo ohun tí ọwọ́ kò ṣe. Bí àgbàdo bá ti lò tó nǹkan bí oṣù méjì lóko, á yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ lórí, á gbọmọ pọ̀n, ọmọ náà á sì yọ irun. Ìrùkẹ̀rẹ̀ òkè ni akọ, irun ìsàlẹ̀ ni abo. Atẹ́gùn ni yóò gbọn lẹ́búlẹ́bú ara ìrùkẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ tí yóò fi bà lé irun. Fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan ló ní hóró tirẹ̀ lábẹ́ háríhá. Èyí tí lẹ́búlẹ́bú bá bà lé á di hóró, èyí tí kò bá bà lé, ojú ibẹ̀ á ṣófo. Ìgbàkigbà tí ẹ bá ń jẹ àgbàdo tí ẹ rí i pé ó fo eyín níbì kan, irun kan ni kò rí tirẹ̀ gbà. Ẹ ro iye fọ́nrán irun tó wà lórí àgbàdo kan, kí ẹ tún ro iye àgbàdo tó wà lórí éékà ilẹ̀ kan. Àgbẹ̀ wo ló lè dúró pín lẹ́búlẹ́bú kárí wọn? Atẹ́gùn ló ń ṣe é láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì bi mí bóyá mo wà lóko tàbí mo wà nílé. Ìgbà yẹn gẹ́lẹ́ ni àgbàdo nílò omi jù láyé rẹ̀. Bí òjò bá kọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, irun á gbẹ, gbogbo iṣẹ́ tí mo kà sílẹ̀ yẹn á sì já sí ṣùkù.

Súúrà Al-Wáqíà, orí 56 nínú Àlùkùránì, pe àgbẹ̀ kó ronú sí ohun tó ń gbìn àti ẹni tó ń mú un hù. Ẹni tó bá ti dúró sáàárín àgbàdo tó ń yọ irun, tó gbójú sókè tí kò rí ìkùukùu, mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Mo ti ṣe ipa tèmi dé góńgó, èyí tó kù kò sí lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí à ń pè ní ìgbáralé Ọlọ́hun. Ẹni tí kò gbin nǹkan kan kò lè sọ pé òun gbára lé Ọlọ́hun lórí ìkórè, nítorí kò gbé nǹkan kan lé E lọ́wọ́.

Ohun tí mo fi gbóríyìn fún òfin sàká ni pé ó mọ iṣẹ́ lóníṣẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọyẹ́ bá ti gbẹ gbogbo pápá, àwa kan máa ń gbin àgbàdo sí etí odò tí kì í tètè gbẹ, kó lè bọ́ sọ́jà nígbà tó wọ́n. Àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀. A ó gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ sétí odò, a ó ra epo bẹntiróòlù sí i, a ó na rọ́bà dé inú oko, a ó máa tẹ̀ lé omi láti poro dé poro. Bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́ lónìí, àgbàdo á ti máa ká ewé rẹ̀ jọ lọ́la. Àtọjọ́ tí a gbìn títí dọjọ́ tí yóò fi gbó, a kì í sinmi. Ẹ̀sìn rí gbogbo làálàá yìí, ó sì dín ohun tó ń gbà kù sí ìlàjì. Ìdá kan nínú ogún ni kí n yọ lórí àgbàdo tí mo fi owó àti òógùn fa omi sí. Bí omi òjò àti omi ẹ̀rọ bá pín oko náà ṣe ní dọ́gbadọ́gba, àwọn onímọ̀ ní kí a yọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìdámẹ́wàá, ìyẹn kílò méje ààbọ̀ nínú kílò 100. Ẹ ò rí i bí ìṣirò náà ti fínnífínní tó. Ẹni tó ní iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn kò já mọ́ nǹkan kan lójú Ọlọ́hun kò tí ì ka òfin yìí. Gálọ́ọ̀nù epo tí mo rà wà nínú ìṣirò náà.

Ṣùgbọ́n ìlàjì ni wọ́n dín, wọn kò pa á rẹ́. Èmi ni mo fa omi, kì í ṣe èmi ni mo da omi sódò. Òjò tó rọ̀ ní oṣù kẹsàn-án ló kún odò tí mo ń fà ní oṣù kìíní. Ibn al-Qayyim, onímọ̀ ará Dàmásíkù tó kú ní ọdún 1350, tò ó kalẹ̀ lọ́nà tó wọ̀ mí lọ́kàn. Ẹni tó rí ìṣúra àtijọ́ nínú ilẹ̀ láìṣe làálàá yóò yọ ìdámárùn-ún. Ẹni tí òjò bomi rin oko rẹ̀ yóò yọ ìdámẹ́wàá. Ẹni tó fa omi fúnra rẹ̀ yóò yọ ìdá kan nínú ogún. Oníṣòwò tó ń sáré kiri látọdún dé ọdún yóò yọ ìdá kan nínú ogójì. Bí iṣẹ́ èèyàn ti ń pọ̀ sí i ni ìdá náà ń fi ìlàjì dín kù. Ẹ kà á dópin, ẹ ò ní bá òdo níbẹ̀. Kò sí iṣẹ́ kankan tó le dé ibi tí ẹni tó ṣe é fi lè sọ pé òun nìkan ló ṣe é.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan á ti máa gbé àwọn kan nínú: àwọn tó ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì gbàdúà, tí wọn kò rí nǹkan kó wálé ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Òwe ní ohun tí a bá gbìn la ó ká. Òótọ́ ni, nítorí ẹni tó gbin àgbàdo kì í ká ìrẹsì. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ iye tí a ó ká. Opó kan wà tí oko rẹ̀ àti tèmi jọ pààlà, ọ̀nà tóóró kan ló là wá láàárín. Ó máa ń dé oko ṣáájú mi, èpò kì í pẹ́ nínú oko rẹ̀. Mo fojú mi rí ọdún tí òjò rọ̀ ní apá tèmi ní ọ̀sẹ̀ tí irun yọ, tí kò kọjá ọ̀nà tóóró yẹn. Àgbàdo tèmi yọ ọmọ bọ̀kìbọ̀kì, tirẹ̀ gbẹ lórí ìdúró. Kíákíá ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ní láti jẹ́ pé ó ṣẹ̀ sí nǹkan, tàbí pé àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ń bá a jà.

N kò gbà á nígbà náà, n kò sì gbà á títí di òní. Àwọn baba wa ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji rí ni eji ń pa. Bí òjò tó rọ̀ sí oko mi kì í ṣe ẹ̀rí pé mo jẹ́ èèyàn rere, ọ̀gbẹlẹ̀ tó mú oko rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó jẹ́ èèyàn burúkú. Òfin sàká pẹ̀lú kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ìkórè rẹ̀ kò tó òṣùwọ̀n kò jẹ gbèsè kankan, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wò ó bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Àwọn tálákà àti aláìní ló ṣáájú nínú ọ̀wọ́ mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Ọ̀rọ̀ náà yé mi lọ́jọ́ tí a gbé ìdámẹ́wàá lọ sí ilé opó náà: Ọlọ́hun ti la ọ̀nà tí òjò tó rọ̀ sí oko mi yóò fi dé àká tirẹ̀. Ọ̀nà náà gba ọwọ́ mi kọjá. Bí mo bá di ọwọ́ náà, èmi ni mo dá òjò rẹ̀ dúró.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi mí ìdí tí Ọlọ́hun fi fún ẹnì kan tí kò fún ẹnì kejì, n kò ní jókòó máa wá àṣírí ọ̀run. Màá bi òun náà léèrè pé níbo lo gbé ìdá tìrẹ sí.

Bí òjò bá kọ̀ tó sì pẹ́, a máa ń jáde lọ kí ìrun ìtọrọ òjò ní gbangba pápá. Lẹ́máàmù á yí aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí ìlànà Ànọ́bì Muhammad, a ó sì na ọwọ́ sókè. Ẹ wo àwọn ọwọ́ yẹn bí ẹ bá débẹ̀. Ọwọ́ tó ti yi ni. Àwọn tí irúgbìn wọn wà nínú ilẹ̀ ni òùngbẹ òjò ń gbẹ jù, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ. Iṣẹ́ wọn ti kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀, ẹnu wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ lé e ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ wa pé kí wọ́n má ṣe pín iṣẹ́ àti àdúà níyà. Ìran kan náà ni wọ́n.

Ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe ti àwa Mùsùlùmí nìkan ní Òkè-Ògùn. Kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó kárí ilẹ̀ yìí, Òrìṣà Oko ni àwọn baba ńlá wa ń sìn fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀, Ìràwọ̀ sì ni ojúkò rẹ̀. Àwọn tó ń sìn ín kì í fẹnu kan iṣu tuntun kí wọ́n tó fún un ní tirẹ̀. Ẹ̀sìn tèmi yàtọ̀, mi ò sì ní ṣe bí wọ́n ti ṣe, ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí wọ́n mọ̀: àgbẹ̀ tó bá kọ́kọ́ ju iṣu sẹ́nu kó tó rántí ẹni tó mú un ta, ó ti ṣìwà hù. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì àárín wa náà ń gbé ìkórè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀ ló kọ́ gbogbo wa ní ẹ̀kọ́ kan náà.

Iṣu tiẹ̀ tún ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Lójú ọ̀nà Ìmáàmù Málíkì tí àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, kò sí sàká dandan lórí iṣu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìmáàmù Abu Hanifa rí i lọ́nà mìíràn. Nítorí náà, lórí àgbàdo mi, òfin ló ń sọ iye tí màá yọ. Lórí iṣu mi, ọkàn mi ló ń sọ ọ́. Mo máa ń yọ lára iṣu náà, torí òjò tó rọ̀ sórí àgbàdo ló rọ̀ sórí ebè. Ànọ́bì kọ́ wa pé ohunkóhun tí èèyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko bá jẹ nínú ohun tí Mùsùlùmí gbìn, sàárà ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún un. Ẹ̀kọ́ yìí máa ń tù mí nínú lọ́jọ́ tí mo bá bá ibi tí àparò ti hú irúgbìn, tàbí ibi tí ọ̀yà ti gé pòròpóró àgbàdo lulẹ̀. Màá ṣọ́ oko mi, màá dẹ pàkúté, nítorí iṣẹ́ mi ni. Èyí tó bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kò ṣòfò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbowó oṣù nígboro, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kò kàn yín. Ẹ̀yin náà ní òjò tiyín. Ìyá tó ta gààrí kí ẹ lè san owó ilé-ìwé, olùkọ́ tó dá yín dúró lẹ́yìn kíláàsì, ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́ láìfi nǹkan kan pa mọ́, ara líle tí ẹ fi jí lóròòwúrọ̀: èwo ló ti ọwọ́ yín wá nínú wọn? Ẹ ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ohun gbogbo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sọ yín di ọ̀lẹ. Bí èrè bá sì dé, ẹ mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀.

Àlùkùránì pa á láṣẹ ní Súúrà Al-Anáàmù pé ọjọ́ ìkórè ni kí a yọ ẹ̀tọ́ náà. Ẹ má fi dọ̀la, nítorí bí àgbàdo bá ti wọ àká, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí. Ìjọba kankan kì í wá ka àpò lóko wa, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ bí a bá wọn ún kù. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti kìlọ̀ pé ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè tó ní igba lòun kọ, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, á jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ẹ wọn ìkórè yín ní òótọ́. Ẹ yọ ìdá òjò kúrò lára ìdá ọwọ́, kí ẹ gbé e fún ẹni tó ni ín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.